Ẹ Bi Wá: Owó Wà Lápò, Ọjà Ni Kò Sí

Àwọn lẹ́tà oṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti ọmọ ìyá kan náà. Gbogbo wọn ló ń béèrè bí àwọn aráàlú ṣe ń rọ́gbọ́n dá ní Ìṣọ̀kan Sófíẹ̀tì, ìjọba ńlá tí Rọ́ṣíà jẹ́ òpó rẹ̀, láti ayé Brezhnev títí dé ayé Gorbachev tó jẹ́ olórí rẹ̀ ìkẹyìn, ìyẹn 1964 sí 1991 tó tú ká. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú kí gbogbo wọn lè gba àyè. Ẹ má bínú.

Àpò tó dà bí àwọ̀n

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa tó kàwé ní Moscow láàárín 1973 sí 1979 ti lọ sinmi. Nígbà tí à ń tú àpótí wọn, a bá àpò kan tí wọ́n fi okùn hun bí àwọ̀n apẹja. Tí a bá ká a, kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. A tún bá ìwé báńkì kan, rúbù 400 ló wà nínú rẹ̀. Kí ni wọ́n ń fi àpò yìí ṣe? Ṣé owó yẹn ṣì ṣeé gbà? (Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn)

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó dúró ná, a ó padà síbẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì mọ iṣẹ́ àpò yẹn, ìdáhùn tó jẹ mọ́ owó kò ní yé yín.

Avoska ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ wọn kan, avos, tó túmọ̀ sí "bóyá", ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ. Àpò Bóyá ni ká kúkú máa pè é. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, ọkùnrin àti obìnrin, kálukú ló ń ki í bọ àpò kóòtù láàárọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń lọ sọ́jà. Bóyá wọ́n á ṣe kòńgẹ́ ọjà lọ́nà ni. Ṣọ́ọ̀bù kì í fúnni ní ọ̀rá. Bí èèyàn bá ra ṣúgà, òǹtajà á ká bébà nípọn aláwọ̀ eérú bí ẹni tó fẹ́ di ẹ̀pà, á bu ṣúgà sí i, á sì ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó rà á. Àléébù àpò náà ni ihò rẹ̀: nǹkan kéékèèké á jábọ́, ẹja á máa ro omi sí sòkòtò, gbogbo àdúgbò á sì rí ohun tí ẹ rà. Ìwé ìròyìn ni wọ́n ń tẹ́ sínú rẹ̀ nítorí ti omi. Ti ojú àdúgbò kò lóògùn. Ẹni tó bá gbé bébà ìnùdí mẹ́wàá kọ́rùn lórí okùn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó di dandan kí àjèjì mẹ́ta dá a dúró bi í pé níbo ló ti rí i.

Ẹ kíyè sí i pé "rí" ni wọ́n ń sọ. Èdè ọjà wọn yàtọ̀. Wọn kì í sábà sọ pé àwọn ra bàtà, wọ́n á ní àwọn rí i mú. Wọn kì í béèrè pé kí ni wọ́n ń tà lọ́hùn-ún, "Kí ni wọ́n ń fún ni?" ni ìbéèrè wọn. Bí ọjà bá sì yọ lójijì lórí tábìlì, wọ́n á ní wọ́n ti jù ú síta.

Ó tún wá ku bí èèyàn ṣe ń ra ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ wọn. Ká ní wàràkàṣì lẹ fẹ́. Ẹ ó tò níwájú òǹtajà. Tó bá kàn yín, ẹ ó ní kó wọn ìdajì kílò. Á wọ̀n ọ́n, á sọ iye rẹ̀, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ò ní fún un lówó o. Ẹ ó lọ tò níwájú obìnrin tó jókòó sínú àpótí onígíláàsì, ẹ ó sọ nọ́ńbà ẹ̀ka tí ẹ ti ń bọ̀ àti iye owó: "Ẹ̀ka kejì, rúbù 1 àti kópẹ́kì 35." (Kópẹ́kì 100 ló wà nínú rúbù kan.) Obìnrin náà ní férémù onígi kan tí wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá sára wáyà rẹ̀, á máa fi ìka ta wọ́n pà-pà-pà síhìn-ín sọ́hùn-ún, á ṣírò, á tẹ ẹ̀rọ, á fa rìsíìtì lé yín lọ́wọ́. Ẹ ó wá mú rìsíìtì padà sọ́dọ̀ òǹtajà, ẹ ó tún tò. Á gún un mọ́ irin ṣóńṣó tó wà lórí tábìlì, á wá gbé ẹrù yín fún yín.

Bí ẹ bá ṣi kópẹ́kì kan péré sọ, rìsíìtì di bébà lásán. Bí ọjà bá tán níbi tí ẹ ti ń sanwó, ìlà míì nìyẹn láti gba owó padà. Ẹ̀ka méjì, rìsíìtì méjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń lọ ní méjì-méjì: ọ̀kan á dúró ti òǹtajà, èkejì á ti gbàyè lọ́dọ̀ agbowó, wọ́n á máa pariwo iye síra wọn láti òkèèrè. Ìjọba ò fẹ́ kí ọwọ́ òǹtajà kan owó ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ báyìí. Àkókò oníbàárà ò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Láti àwọn ọdún 1970 lọ, ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ti ń mú ọjà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nílùú ńlá, àmọ́ èyí tí a sọ yìí ò parẹ́.

Ìlà tí kò ní sójà

Ṣé bí ìlà tí Ìdíàgbọn mú wa tò ní 1984 ni tiwọn ṣe rí? Ta ló ń mójú tó o? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Rárá o. Ìlà ti wa ní oṣù kẹta 1984, sójà àti koboko ló mú kó tọ́. Tiwọn, àwọn tó tò ló ń ṣàkóso ara wọn, òfin wọn sì le ju koboko lọ.

Bí ẹ bá ti dé, ẹ ó béèrè sókè pé, "Ta ló kẹ́yìn?" Ẹni náà á dá yín lóhùn. Ẹ ó wo ojú rẹ̀ àti kóòtù rẹ̀ dáadáa, ẹ ó tún wo ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀, torí òun náà lè bínú lọ ilé. Ẹ ó sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn òun. Lẹ́yìn náà, ẹ kò gbọdọ̀ kúrò títí ẹlòmíì á fi dé tó máa bi ẹ̀yin náà ní ìbéèrè kan náà. Ìgbà yẹn lẹ tó ní ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ lè wá sáré lọ tò síbòmíì. Akíkanjú ìyàwó ilé lè wà lórí ìlà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa bọ́ sí èyí, kó máa bọ́ sí tọ̀hún. Ibi tó ti ń dìjà ni tí ẹ bá padà dé tí ẹlẹ́rìí yín ti ra tirẹ̀ lọ. "Ẹ ò sí níbí tẹ́lẹ̀!" Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Bí ìlà bá gùn, wọ́n á fi báírò kọ nọ́ńbà sí àtẹ́lẹwọ́ kálukú. Fún ọjà ńlá bíi kápẹ́ẹ̀tì tàbí àga ìjókòó, ẹnì kan á ṣí ìwé, á kọ orúkọ gbogbo èèyàn sí i, wọ́n á sì máa pe orúkọ lákòókò tí wọ́n dá, ó lè jẹ́ ìdájí, ó lè jẹ́ òru. Ẹni tí wọ́n pè tí kò dáhùn, wọ́n á fa igi lé orúkọ rẹ̀ kódà bó ti tò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjà pàápàá ní òṣùwọ̀n: kílò méjì "fún ọwọ́ kan". Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa ọmọ ọdún márùn-ún lọ́wọ́ lọ, torí ọwọ́ tiẹ̀ náà ọwọ́ ni. Àwọn tó jagun Hitler ní ìwé tó ń jẹ́ kí wọ́n bọ́ síwájú láìtò. Àwọn arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì sì wúlò ju owó lọ nínú ilé, torí àwọn ló ráyè dúró.

Kò wọ́n, kò sì sí

Olùkọ́ wa ní búrẹ́dì àti owó ọkọ̀ kò wọ́n rárá nílẹ̀ Sófíẹ̀tì. Kí ló wá dé tí ọjà ò sí? (Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Ilé-Ifẹ̀)

Òótọ́ ni olùkọ́ rẹ sọ, ọmọ wa. Kópẹ́kì 5 ni wọ́n ń san wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ Moscow láti 1961 títí di 1991, wọn ò fi ẹyọ kan lé e. Sọ́séèjì Doktorskaya, tó jẹ́ ààyò àwọn ọmọdé, jẹ́ rúbù 2 àti kópẹ́kì 20 fún kílò kan. Ní 1980, owó oṣù òṣìṣẹ́ tó nǹkan bíi rúbù 170 ní ìpíndọ́gba. Ìwọ náà ṣírò rẹ̀: owó oṣù kan tó ra sọ́séèjì kílò 77. Sọ́séèjì náà ni kò sí.

Kì í ṣe ọlọ́jà ló ń dá iye lé ọjà rẹ̀ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Moscow, Goskomtsen, ló ń dá a fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹfà 1962, Khrushchev, tó jẹ́ olórí ṣáájú Brezhnev, fi nǹkan bíi 30 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ẹran, ó fi nǹkan bíi 25 kún ti bọ́tà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe orí rélùwéè nílùú Novocherkassk daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wọ́de, ìjọba sì yìnbọn lù wọ́n ní ọjọ́ kejì oṣù náà. Ó lé ní 20 èèyàn tó kú. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún aráàlú, àmọ́ àwọn aláṣẹ kò gbàgbé. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gorí àlééfà á fi ọwọ́ kan gbogbo nǹkan àfi owó búrẹ́dì àti ẹran.

Owó oṣù wá ń lọ sókè, owó ọjà dúró gbagidi. Ìjọba ń ra ẹran lọ́wọ́ àwọn oko ní iye tó ju èyí tí ṣọ́ọ̀bù ń tà á lọ, ó sì ń fi owó ìlú dí àlàfo náà. Búrẹ́dì gbọ̀pọ̀ débi pé àwọn ará oko ń rà á fún ẹlẹ́dẹ̀ jẹ, torí oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ gan-an ṣòro rí jù ú lọ. Ohun tí wọ́n bá sì kó jọ, kì í dé ibi gbogbo bákan náà. Moscow àti Leningrad (St. Petersburg òde òní) ló ń kọ́kọ́ gbà. Àwọn ará Tula àti Ryazan á wọ rélùwéè lọ sí Moscow lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n á ru ẹran padà. Àwọn ọmọdé wọn máa ń pa á lálọ̀ọ́: kí ló gùn, tó ní àwọ̀ ewé, tó ń ta sánsán sọ́séèjì? Rélùwéè Moscow sí Tula ni.

Ẹni tó lówó tí kò fẹ́ tò lè lọ sí ọjà àwọn àgbẹ̀, níbi tí iye ọjà kò sí lábẹ́ àṣẹ. Ẹran máa ń wà níbẹ̀, ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oko kéékèèké ẹ̀yìnkùlé ló ń bọ́ ọjà yẹn. Wọn ò ju nǹkan bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tí wọ́n ń dá lọ, síbẹ̀ wọ́n ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun ọ̀gbìn jáde. Kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ, ó dáa fún ìdánwò.

Blat àti rìbá

Ṣé rìbá náà ni wọ́n ń pè ní blat? (Oníṣòwò kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Wọ́n tan mọ́ra, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Owó ni rìbá, ó sì ń parí lójú ẹsẹ̀. Blat kì í parí. Apẹran á yọ ibi tó dáa pamọ́ sábẹ́ tábìlì fún dókítà eyín. Dókítà á tọ́jú eyín ìyàwó rẹ̀ láìjẹ́ kó tò. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tíátà á fi méjì sílẹ̀ fún apẹran. Ọmọ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì náà á sì rí olùkọ́ tó máa kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ àfikún. Kò sí ẹni tó sanwó, gbèsè ló wà lọ́rùn gbogbo wọn. Òwe wọn ní ká má ní rúbù 100, ká ní ọ̀rẹ́ 100. Yorùbá tó ní èèyàn laṣọ òun kò ní bá wọn jiyàn.

Èyí tí òfin gbà ni ẹrù ibi iṣẹ́, zakaz. Kí ọdún tó dé, ilé iṣẹ́ á pín àpótí kan fún kálukú láti rà: kọfí, sọ́séèjì gbígbẹ, ẹja inú agolo. Wọ́n á sì fi ohun tí kò tà há a, bí agolo ewé inú òkun. Bí ẹ ò bá ra ewé òkun, ẹ ò ní rí kọfí. Àwọn tí kò rí ní ibi iṣẹ́ á gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù sì di ọba kékeré. Ó lè pa wọ́n o. Yuri Sokolov, tó jẹ́ ọ̀gá Gastronom No. 1 ní òpópónà Gorky ní Moscow, tí àwọn èèyàn ńláńlá ń ránṣẹ́ sí fún oúnjẹ, wọ́n mú un ní 1982, wọ́n yìnbọn pa á ní 1984.

Ilé tí kò ní onílé

Ilé kọjúsími-n-kọjú-sí-ọ ni mò ń gbé, ìdílé mẹ́jọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti Rọ́ṣíà. Ṣé owó ilé wọn náà ń pọ̀ lọ́dọọdún? (Ayálégbé, Muṣin)

Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀gbọ́n. Owó ilé kọ́ ni ìṣòro tiwọn, kékeré ni nínú owó oṣù, kò sì sí onílé tó máa lé yín jáde. Ìṣòro wọn ni pé ẹ ò lè kó kúrò.

Kommunalka lorúkọ rẹ̀. Ilé àwọn olówó ayé ọba ni, pàápàá ní Leningrad. Wọ́n gé e, ìdílé kan yàrá kan. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ ó rí bébà: ìdílé báyìí, tẹ aago lẹ́ẹ̀kan, ìdílé báyìí, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí kì í ṣe tiẹ̀ kì í dìde. Ilé ìdáná kan ni, àmọ́ kálukú ní tábìlì tiẹ̀ àti ojú iná tiẹ̀. Ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò: gílóòbù mẹ́rin lè rọ̀ lókè, súìṣì wọn wà nínú yàrá oníkálukú, mítà wọn sì dá wà, kí ẹnikẹ́ni má baà ya ìgbẹ́ lábẹ́ iná ẹlòmíì. Ìjókòó onípákó kálukú wà lórí ìṣó tiẹ̀ lára ògiri. Ní ti gbígbá ilé, iye orí tó wà nínú ìdílé niye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa fi gbá a. Àlejò tó bá pẹ́ níbẹ̀ á di orí kan, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀.

Láti 1957 ni Khrushchev ti ní kí wọ́n máa fi pátákó kọnkéré tí wọ́n ti rọ sílẹ̀ kọ́ ilé kíákíá. Alájà márùn-ún ni, torí bó bá ga jù bẹ́ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ agbéniròkè, owó tí wọn ò sì fẹ́ ná nìyẹn. Síílìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.5, ilé ìdáná rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 6. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ṣe ògiri abẹ́ fèrèsé ilé ìdáná fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n fi ilẹ̀kùn bò ó, ó di fíríìjì ìgbà òtútù. Àwọn kan ń ṣe yẹ̀yẹ́ ilé yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kommunalka bọ́ síbẹ̀, tó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ara rẹ̀, kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Láti rí ọ̀kan, orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà ilé ní ibi iṣẹ́ tàbí ọ́fíìsì ìlú, ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ohun tuntun. Ilé ò ṣeé tà, ti ìjọba ni. Ó ṣeé pààrọ̀. Tọkọtaya tó kọ ara wọn sílẹ̀ á fi ilé oníyàrá méjì wọn gba ilé oníyàrá kan pẹ̀lú yàrá kommunalka kan. Bébà wọn á wà lára òpó iná, wọ́n á ti fi sáàsì ya ìsàlẹ̀ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ lè já nọ́ńbà fóònù lọ. Ìgbà míì ìdílé márùn-ún tàbí mẹ́fà á so kọ́ra, bí ẹnì kan bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ tú. Títí wọ́n á fi rí i, ọkọ àti ìyàwó àtijọ́ ṣì ń sun yàrá kan náà, kọ́tìnnì ló wà láàárín wọn.

Òǹtẹ̀ kan tún wà nínú páṣípọ́ọ̀tù abẹ́lé, propiska, tó ń sọ àdírẹ́sì tí òfin gbà fún yín. Láti 1932 ló ti wà. Láìsí i, ẹ ò ríṣẹ́ ní Moscow. Láìríṣẹ́, ẹ ò rí i gbà. Àwọn ará oko àjùmọ̀ní ò tiẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí páṣípọ́ọ̀tù gẹ́gẹ́ bí ará ìlú títí ìjọba fi pàṣẹ ní 1974, tí pínpín rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Bí ìyá àgbà kan bá ń dá gbé, àwọn ọmọ á sáré kọ orúkọ ọmọ-ọmọ kan sí àdírẹ́sì rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láyé. Bó bá kú láìsí orúkọ ẹlòmíì níbẹ̀, ìjọba ló ni yàrá. Àwọn tó gbéyàwó nítorí òǹtẹ̀ náà ò lóǹkà.

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é

Mò ń tún ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n ní àwọn ará Sófíẹ̀tì máa ń wo ọjọ́ orí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó rà á. Kí nìdí? (Abẹ́òkúta)

Ìwé kékeré kan máa ń bá ẹ̀rọ wá, ọjọ́ tó jáde nílé iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Bó bá ju ogúnjọ́ oṣù lọ, ẹni tó gbọ́n á béèrè òmíràn. Ilé iṣẹ́ ní iye tó gbọ́dọ̀ ṣe lóṣù; bó bá pé 100 nínú ọgọ́rùn-ún, owó àjẹmọ́nú wà; bó bá jẹ́ 99, kò sí. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kì í sì tètè dé. Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní oorun, mẹ́wàá kejì ni ìjídìde, mẹ́wàá ìkẹyìn ni ibà. Lásìkò ibà, òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ mọ́, ẹni tó yẹ kó fi skrudiráfà yí ìdè á fi òòlù gbá a wọlé. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ wọn ní ìṣòro ńlá kan sí i: ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Wọ́n á pa á, wọ́n á tún yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri kí wọ́n tó sùn.

Ṣúgà lọ, ògógóró dé

Kí ló da ọtí àti ṣúgà pọ̀ ní ayé Gorbachev? (Ìgbòkòdá)

Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ lẹ yẹ kẹ́ ẹ dáhùn èyí fún wa! Ní oṣù karùn-ún 1985, Gorbachev gbógun ti ọtí. Wọ́n ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ọtí, wọn ò ní tà kó tó di aago méjì ọ̀sán, wọ́n sì hú oko èso àjàrà níbi púpọ̀. Ìlà ọtí wá gùn ju ti ẹran. Àwọn èèyàn bá padà sí samogon, ògógóró wọn. Tiwa, ẹmu ni. Tiwọn, ṣúgà, yíìsì àti omi ni wọ́n ń pò, wọ́n á jẹ́ kó wú fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á wá sè é, kí ooru rẹ̀ gba inú páìpù tútù kọjá. Kílò ṣúgà kan ń mú nǹkan bíi lítà kan jáde. Ẹ wá wo iye agbolé tó ń sè é. Ṣúgà pòórá, yíìsì tẹ̀ lé e. Ìjọba náà pàdánù owó orí ọtí, èyí tó jẹ́ òpó ńlá nínú àpò rẹ̀. Àwọn aráàlú sọ Gorbachev, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba, di "akọ̀wé omi inú ìgò".

Wọ́n wá pín tíkẹ́ẹ̀tì ṣúgà, talon, ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé, fún ẹni tó bá ní òǹtẹ̀ propiska ládùúgbò náà. Ẹ má ṣì í mú: talon kì í ṣe ṣúgà, owó kọ́ ni pẹ̀lú. Àyè láti sanwó ni. Orúkọ oṣù wà lára rẹ̀. Bí ṣúgà ò bá dé kí oṣù tó parí, ó ti kú nìyẹn.

Ó ku ìwé báńkì

Ìyá Ìbejì, a ti padà dé. Akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè máa ń gba rúbù 90 lóṣù nígbà tí bàbá yín wà níbẹ̀, ti ọmọ ilẹ̀ wọn sì jẹ́ nǹkan bíi 40. Rúbù 400 ju owó oṣù mẹ́rin wọn lọ, kì í ṣe owó kékeré. Kò sí ohun tí wọ́n lè fi rà tí wọn ò ní tò fún, òfin ò sì gbà kí wọ́n gbé rúbù jáde kúrò nílẹ̀ náà. Kò yani lẹ́nu pé inú báńkì ló kù sí.

Ní oṣù kìíní 1991, ìjọba fagi lé owó bébà 50 àti 100, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀ fún pípààrọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1992, wọ́n tú iye ọjà sílẹ̀, ọjà sì yọ sórí tábìlì. Kí ọdún náà tó parí, iye nǹkan ti di nǹkan bí ìlọ́po 26. Ní 1998, wọ́n gé òdo mẹ́ta kúrò lára rúbù. 400 bàbá yín wá di kópẹ́kì 40, tí kò tó owó ìṣáná. Àfidípò díẹ̀ wà tí ìjọba Rọ́ṣíà ń san lórí àwọn àkáùǹtì àtijọ́ yẹn, ọmọ orílẹ̀-èdè wọn nìkan ló wà fún. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá yín gbà á.

Àpò yẹn ní tirẹ̀ ṣì wúlò. Ẹ já fọ́nrán kan níbi tí ojú ò tó, kí ẹ fi iná sí i. Bó bá di eérú, òwú ni. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a síbòòji. Bó bá yọ́ tó di kóró, ọ̀rá ni, omi tútù ló fẹ́, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kàn án. Tí ẹ bá fẹ́ fi gbé iṣu, á wọlé dáadáa; ti tòmátì ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ìwé ìròyìn sí.